Fíìmù Méjì àti Fóònù Kan: Ìrìn-àjò Ọjọ́ Mẹ́fà láti Èkó dé Òṣogbo

Ọjọ́ kìíní, Ọjọ́bọ̀. Èkó sí Abẹ́òkúta

Ọyẹ́ mú gan-an láàárọ̀ yìí. Nígbà tí èmi àti àbúrò mi máa fi dé ibùdókọ̀ ojú irin Mobolaji Johnson ní Alágoméjì, ọyẹ́ ti bo gbogbo Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́tà, oòrùn sì pọ́n lójú ọ̀run bí epo tuntun. Mo fẹ́ràn irú ìmọ́lẹ̀ báyìí. Òjìji kì í le nínú rẹ̀, iwájú orí èèyàn kì í sì í dán bí ìgbà tí oòrùn ọ̀sán bá ń bà á.

Ẹrù mi kò pọ̀: kámẹ́rà Pentax K1000 tí bàbá mi fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n kú, fíìmù méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba àwòrán 36, àti fóònù tó wà lápò mi. Àbúrò mi gbé kámẹ́rà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, irú ti òde òní tó jẹ́ pé tẹlifíṣọ̀n bíńtín ló wà níbi tí èèyàn ń yojú sí. Ó lè ya àwòrán 20 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Temi, ẹyọ kan ṣoṣo ni, kí n tún tó fi àtàǹpàkò fa irin kí fíìmù lè sún.

Fótò kọ́ là ń jẹ. Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama, àbúrò mi ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. A kì í bá wọn ya ìgbéyàwó, a kì í ya ìsìnkú. Ohun tó bá wà níwájú wa lójoojúmọ́ là ń yà: aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn, ìyá alákàrà tí èéfín bò lójú, bàtà lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Ohun kan ló ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí ọdún méjì. Fóònù mi mọ iṣẹ́ ju Pentax lọ, síbẹ̀ inú mi kì í dùn tó bí mo bá fi yà á. Mo fẹ́ fi ìrìn-àjò yìí wá ìdí rẹ̀, ìyẹn ni mo ṣe mú ìwé yìí dání láti máa kọ ọ́ lálaalẹ́.

Wọ́n ti ń pe èrò nígbà tí mo ki fíìmù kìíní bọ inú kámẹ́rà, mo kánjú ṣe é, a sì wọlé. Ọ̀nà irin yìí jẹ́ kìlómítà 157 láti Èkó dé Ìbàdàn, ọdún 2021 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò lórí rẹ̀. Lẹ́yìn Agbádó, mo gbé fóònù sójú fèrèsé. Nínú àwòrán tó yà, gbogbo òpó iná tó ń sáré kọjá tẹ̀ síbì kan, bí ìgbà tí ìjì fẹ́ wó wọn. Àbúrò mi ṣàlàyé rẹ̀ fún mi: fóònù kì í rí gbogbo àwòrán lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlà kan tẹ̀lé ìlà kan ló ń kà á, bí ẹni ń ka ìwé. Kó tó kà á tán, òpó ti sún, orí rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ kò sí lójú kan náà mọ́. Mo fẹ́ràn àwòrán yẹn gidigidi. Òun nìkan ni fóònù yà lónìí tó yà mí lẹ́nu.

A sọ̀ ní Láderin, a gba ọkọ̀ lọ sílé ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ìtòkú. Ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ ti wà lórí iná. Fótò kankan kò sí fún alẹ́ yìí.

Ọjọ́ kejì, Ọjọ́ Ẹtì. Abẹ́òkúta

Kí oòrùn tó mú la ti gun Olúmọ. Àwọn kan gba ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn ròkè, àwa gba àtẹ̀gùn. Níbi ihò tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí nígbà ogun, lẹ́yìn tí Ṣódẹkẹ́ kó wọn tẹ ibẹ̀ dó ní 1830, ojú ibi tí wọ́n ti ń lọ oúnjẹ ṣì wà lára òkúta nílẹ̀, ó jin kòtò bí àwo. Inú ibẹ̀ ṣókùnkùn, òkùnkùn yẹn gan-an ni mo fẹ́ yà.

Fóònù kò gbà. Ó ní kí n dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ó ya àwòrán lọ́pọ̀, ó pa wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan, ó sì fún mi ní ihò tó mọ́lẹ̀ kedere bí pálọ̀. Gbogbo ìlà ara òkúta ló hàn. Ibi ìfarapamọ́ ni kò hàn mọ́. Mo gbé Pentax. Nǹkan mẹ́ta péré ni èèyàn ń yí lára rẹ̀: òrùka tó ń mú àwòrán mọ́ kedere, òrùka tó ń ṣí ihò lẹ́ńsì tàbí tó ń pa á dé, àti bọ́tìnì róbótó tó ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ yóò ṣe pẹ́ tó lára fíìmù. Wọ́n ń ṣe irú kámẹ́rà yìí láti 1976 títí di 1997. Bátìrì rẹ̀ kò ju bọ́tìnì ẹ̀wù lọ, abẹ́rẹ́ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nìkan ló sì ń fún lágbára. Bí bátìrì bá kú, kámẹ́rà ṣì ń yàwòrán. Abẹ́rẹ́ ní ìmọ́lẹ̀ kò tó. Mo mọ̀ pé kò tó. Mo fi ẹ̀yìn ti òkúta, mo di èémí mú, mo tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo gbọ́ ìró rẹ̀, inú mi dùn, bẹ́ẹ̀ n kò tíì rí ohunkóhun.

Lọ́sàn-án a bọ́ sí Ìtòkú. Ṣọ́ọ̀bù Màmá wà láàárín àwọn aláró, àdìrẹ rọ̀ láti òkè dé ilẹ̀, aró dúdú, aró pupa rẹ́súrẹ́sú. Màmá wé gèlè funfun. Nígbà tí wọ́n rí ohun tó wà lọ́wọ́ mi, wọ́n ní, “Kámẹ́rà bàbá rẹ rè é? Òun ló fi yà mí nígbà tí mo kọ́kọ́ kó dé ṣọ́ọ̀bù yìí.” Wọ́n tún gèlè ṣe, wọ́n jókòó gbọnrangandan, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, wọ́n kọjú sí mi. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń jókòó fún fótò ní sítúdíò láyé ìgbà tiwọn nìyẹn.

Gèlè funfun lórí awọ dúdú, ibẹ̀ ni abẹ́rẹ́ ti máa ń ṣi èèyàn lọ́nà. Kò mọ funfun, kò mọ dúdú; ó ń rò pé gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ eérú. Bí funfun bá pọ̀ níwájú rẹ̀, á ní kí a dín ìmọ́lẹ̀ kù, ojú ẹni tí à ń yà á sì dúdú bí èédú. Ohun tí bàbá mi kọ́ mi ni mo ṣe: mo na àtẹ́lẹwọ́ mi sínú ìmọ́lẹ̀ kan náà tó ń bà wọ́n lójú, mo wọn ti ọwọ́ mi, mo wá ṣí ihò lẹ́ńsì sí i ní ìwọ̀n kan. Ìgbà tí mo ń ṣe gbogbo èyí, Màmá ń wò mí, èmi náà ń wo wọn. Bí ìṣẹ́jú kan ni. N kò rántí ìgbà tí mo wo ojú wọn pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ilà kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú wọn tí n kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Mo yà wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń ka owó ọjà lábẹ́ iná àtùpà oníbátìrì, oníbàárà kan sọ ọ̀rọ̀ kan, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mo yọ fóònù, mo tẹ̀ ẹ́ láì ronú, nítorí kí n lè fi ránṣẹ́ sí ìyá mi lórí WhatsApp ni.

Ọjọ́ kẹta, Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Abẹ́òkúta sí Ìbàdàn

N kò fẹ́ kọ tòní, ṣùgbọ́n màá kọ ọ́.

Inú ọkọ̀ ojú irin, kí a tó dé Ọmi-Àdìó, nọ́ńbà orí kámẹ́rà ti pé 36. Mo fa irin, ó fà. Mo tún yà, mo tún fà, ó tún fà. Ó dé 38. Àyà mi já. Fíìmù kì í rọ̀ báyìí. Tó bá tán, irin á le, kò ní fà mọ́. Mo tẹ bọ́tìnì abẹ́ kámẹ́rà, mo yí ọwọ́ tí a fi ń ká fíìmù padà. Kò wúwo rárá. Ó ń yí lásán, bí kọ́kọ́rọ́ tí kò bá ìlẹ̀kùn mu.

Nígbà tí a sọ̀ ní Moníyà, mo wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn, mo fi aṣọ bo ara mi, mo ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà. Gbogbo fíìmù ṣì wà nínú ike rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ kò kọ́ mọ́ irin tó yẹ kó máa fà á láti Alágoméjì. Nọ́ńbà kò mọ̀. Ó ń ka ọwọ́ mi, kò ka fíìmù. Ó yẹ kí n wo ọwọ́ apá òsì bóyá ó ń yí nígbà tí mo bá ń fa irin. Bàbá mi sọ ọ́ fún mi lọ́pọ̀ ìgbà. Mo kánjú.

Ihò Olúmọ lọ. Màmá Ìtòkú lọ, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ọkàn mi bàjẹ́. Lẹ́yìn náà mo mú ìwé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àwòrán tí mo rò pé mo ti yà sílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan: ọmọ tó gbé àtẹ gúgúrù lórí, ẹsẹ̀ aláró tó ti di aró, àtẹ̀gùn tí oòrùn là sí méjì, gèlè Màmá. Mo rántí 29 nínú wọn. Mo rántí ibi tí mo dúró sí, mo rántí ohun tí abẹ́rẹ́ ń sọ. Mo bi àbúrò mi pé mélòó ló yà láti ọjọ́ kìíní. Ó wò ó: 1,140. Mo ní kó pa kámẹ́rà, kó kà wọ́n fún mi láti orí. Ó ka bíi mẹ́wàá, ó dúró.

Ó wá sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ rántí wọn, ṣùgbọ́n ẹ ò ní wọn. Èmi ni mo ní wọn.”

N kò rí ohun tí mo fẹ́ sọ. Òótọ́ ni.

Fíìmù tí n kò fi ya nǹkan kan, fíìmù tuntun ni. Mo tún un kì bọ ibẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí mo fi ojú mi wo ọwọ́ apá òsì bó ṣe ń yí.

Ọjọ́ kẹrin, Ọjọ́ Àìkú. Ìbàdàn

Láàárọ̀ a gun Láyípo lórí Òkè Àrẹ̀, ilé ìṣọ́ tí wọ́n kọ́ ní 1936, tí àtẹ̀gùn inú rẹ̀ ń yípo bí ìkarahun ìgbín. Láti òkè, òrùlé páànù Ìbàdàn ló tẹ́ lọ títí ọyẹ́ fi gbé e mì. Ẹyọ kan ni mo yà.

Lẹ́yìn ìsìn a lọ kí ọ̀rẹ́ bàbá mi kan, àgbà onífótò tó ṣì ní sítúdíò ní Òkè-Àdó. Fótò pásípọ́ọ̀tù ló kù tí wọ́n ń yà báyìí. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi fún wọn. Wọn kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní wọ́n ti fi irú rẹ̀ sọ ìgbéyàwó odidi kan nù rí, wọ́n sì lọ bẹ ìdílé ìyàwó lórí ìdọ̀bálẹ̀.

Wọ́n jókòó tì wá di ìrọ̀lẹ́. “Wait and get” ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àpótí onígi tó dúró lórí igi mẹ́ta. Inú àpótí náà ni kámẹ́rà, inú rẹ̀ náà ni ibi ìfọ̀fótò. Wọ́n á yà ọ́ sórí bébà, wọ́n á ti ọwọ́ bọ apá aṣọ tó wà lára àpótí, wọ́n á fọ̀ ọ́ nínú òkùnkùn láì fojú rí i, á jáde pẹ̀lú dúdú tó di funfun àti funfun tó di dúdú, wọ́n á wá gbé bébà yẹn síwájú lẹ́ńsì, wọ́n á tún un yà, kó lè padà di èèyàn. Gbogbo rẹ̀, ìwọ ń dúró lórí bẹ́ǹṣì.

Wọ́n sọ̀rọ̀ ìbejì. Bí ọ̀kan bá kú kí wọ́n tó ya wọ́n pọ̀, ìyá á gbé èyí tó kù wá sítúdíò, onífótò á yà á, á sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan ṣoṣo kí ìbejì lè jókòó ti ara wọn. Bó bá jẹ́ pé ọkùnrin kan, obìnrin kan ni wọ́n, wọ́n á wọ aṣọ méjèèjì fún ẹni tó kù, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, kọ nípa iṣẹ́ yìí ní 1978 lẹ́yìn tó rìn láàárín àwọn onífótò ilẹ̀ Yorùbá. Ẹnu ẹni tó ṣe é ni mo ti gbọ́ ọ lónìí. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, nígbà tiwa, fótò kì í ṣe ohun tí wọ́n ń yà. Ohun tí wọ́n ń jókòó fún ni.”

Mo bi wọ́n nípa awọ dúdú. Wọ́n mí kanlẹ̀. Nígbà tí fíìmù aláwọ̀ dé, wọ́n ń kó o lọ fọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́rọ, ojú àwọn oníbàárà á sì dé bí ẹni tí wọ́n rẹ sínú èédú. Fótò obìnrin aláwọ̀ funfun kan ni Kodak máa ń fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fọ fótò káàkiri ayé kí wọ́n lè fi ṣe ẹ̀rọ wọn déédéé, orúkọ tí wọ́n sì ń pè é ni káàdì Shirley. Ojú tiwa kò sí lórí káàdì yẹn. Àbúrò mi sọ pé ní 2021, Google gbé ohun tí wọ́n pè ní Real Tone jáde nínú fóònù Pixel 6, kí awọ dúdú lè jáde bó ṣe rí. Bàbá gba fóònù àbúrò mi, wọ́n fi ya ara wọn, wọ́n wò ó pẹ́. “Ó dára,” wọ́n ní. “Ó pẹ́ kó tó dé.”

Ìlú yìí náà ni J.D. 'Okhai Ojeikere, onífótò ọmọ Nàìjíríà, ti ṣiṣẹ́ ní yàrá ìfọ̀fótò ìjọba ní 1954, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tó ra Brownie D kékeré kan tí kò ní iná. Láti 1968 ló ti ń ya irun dídì, ọ̀pọ̀ rẹ̀ láti ẹ̀yìn orí, títí tí irun náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún kan. Mo máa ń rò ó: kámẹ́rà tí kò ní iná ló kọ́kọ́ kọ́ ọkùnrin yẹn bí a ti ń wá ìmọ́lẹ̀.

Ọjọ́ karùn-ún, Ọjọ́ Ajé. Òṣogbo

A gba mọ́tò ní Ìwó Road, a dé Òṣogbo kí ọ̀sán tó pọ́n. Igbó Òṣun tutù. UNESCO ti kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá ayé láti 2005, ère Àdùnní Olórìṣà, ìyẹn Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ará Austria tó kú ní 2009, àti tàwọn tó bá a ṣiṣẹ́, wà káàkiri abẹ́ igi.

Kámẹ́rà àbúrò mi ń wá ojú èèyàn fúnra rẹ̀, àpótí kékeré kan á lọ bà sórí ẹyinjú ẹni tí ó ń yà. Ó gbé e sí ọ̀kan nínú àwọn ère ńlá náà, àpótí yẹn lọ taara, ó bà sórí ojú ère. Àwa méjèèjì dákẹ́. Ẹ̀rọ náà rí ojú níbẹ̀.

Lẹ́bàá odò, obìnrin kan ń pọnmi sínú igbá, ó ń gbàdúrà. Kámẹ́rà àbúrò mi ti ró kó tó rí wa. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ní òun kò fẹ́. Àbúrò mi sáré lọ, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó fi àwòrán náà hàn án, 14 ni wọ́n, ó pa wọ́n rẹ́ lójú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin náà súre fún un. Bó bá jẹ́ fíìmù ni, kí ni mo fẹ́ fi hàn án? Ẹ̀jẹ́ lásán ni màá jẹ́. Mo kọ èyí sílẹ̀ nítorí pé láti ọjọ́ kìíní ni mo ti ń gbè sẹ́yìn Pentax.

Nígbà tí a ń bọ̀, ọ̀bọ kan fò láti igi kan sí èkejì lókè orí wa. Mo ṣì ń wá ibi tí mo máa yí òrùka sí nígbà tó ti lọ. Àbúrò mi rí i mú. Ó jókòó sórí gbòǹgbò igi kan, ó ń ti àwòrán náà lọ ní ọ̀kan-ọ̀kan, ó dé ibi tí ọ̀bọ náà nà gbalaja sínú afẹ́fẹ́, ọwọ́ ti fi ẹ̀ka kan sílẹ̀, kò tíì kan èkejì. Ó kígbe bí ọmọdé. Lálẹ́, mo rí i tó ń ṣa àwòrán títí di aago méjìlá, ó ń pa èyí rẹ́, ó ń dá tọ̀hún sí, ojú rẹ̀ sì rí bí ojú tèmi ṣe máa ń rí kí n tó tẹ bọ́tìnì. Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Kí n tó yà ni èmi máa ń yàn. Òun, lẹ́yìn tó bá ti yà tán. Fóònù mi ló máa ń bá mi yàn kí n tó gbé e dé ojú.

Ọjọ́ kẹfà, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ilé

Ojú ọ̀nà nìkan. Fíìmù méjèèjì ti kún, irin le bó ṣe yẹ kó le. Mo kó wọn lọ fún ẹni tó ń bá mi fọ̀ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà

Fíìmù dé. Nínú 72, mo fẹ́ràn 11. Òrùlé Ìbàdàn wà níbẹ̀, ọyẹ́ sì wà lórí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà lójú mi. Àgbà onífótò wà níbẹ̀, wọ́n jókòó gbọnrangandan, ọwọ́ lórí orúnkún.

Ti Màmá Ìtòkú tí mo fi fóònù yà ni mo gbé lọ tẹ̀ sórí bébà ńlá, èyí tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín lórí owó ọjà. Ó rẹwà. Mo fi rán awakọ̀ kan sí wọn. Wọ́n pè mí lálẹ́, wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní àwọn ti gbé e kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí bàbá mi yà. Wọ́n wá béèrè pé, “Èyí tí o fi kámẹ́rà bàbá rẹ yà, tí mo jókòó fún ńkọ́?”

Mo sọ òótọ́ fún wọn, mo sì tọrọ àforíjì. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

“Kò burú. Wá lọ́jọ́ tí ọjà kò bá pọ̀. Gèlè yẹn wà níbí, màá tún jókòó.”

Mo ti ra fíìmù. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni mo ń lọ.